Orúkọ Tí A Kì í Pè Lọ́sàn-án

Falilat kì í mu omi tí ẹlòmíì bá bù fún un láìkọ́kọ́ wo ìdí ife. Kì í ṣe ìgbéraga o. Bí ayé ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Bí tẹlifóònù bá dún nílé rẹ̀, á dúró tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ejò, kò ní í gbé e títí ẹni tó ń pè á fi sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀. Bí aládùúgbò bá kí i lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ kan, á ní, "Kí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi tí ìkíni fi di méjì?" Ọkọ rẹ̀, Sàláhúdéènì, tó ń wa takisí ní Washington, máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí málékà bá mú ìròyìn ayọ̀ wá, Falilat á ní kó kọ́kọ́ mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ jáde.

"Ìfura loògùn àgbà," ni Falilat máa ń dá a lóhùn. "Ẹ̀yin tí ẹ kì í fura ńkọ́, ta ló jí rédíò inú ọkọ̀ yín lọ?"

Lọ́dún 1996 tí à ń sọ yìí, ìfura rẹ̀ nídìí. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Falilat kọ́ ni orúkọ rẹ̀. Qúdrát ni.

Qúdrát gan-an, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ ni, ó sì fi ọdún mẹ́ta ju Falilat lọ. Òun ti gba páálí, ìwé àṣẹ ìgbélùú, ní Amẹ́ríkà tipẹ́, kó tó padà sí Ìbàdàn lọ fẹ́ ọkùnrin kan tó ń ta oògùn òyìnbó. Ọjọ́ tó ń lọ, ó fa káàdì rẹ̀ àti nọ́ńbà sóṣà rẹ̀ tí wọ́n fi ń gbani síṣẹ́ lé Falilat lọ́wọ́. Ó ní, "Máa fi jẹun títí tìrẹ náà á fi jáde." Àwòrán inú káàdì náà ò fi bẹ́ẹ̀ jọ Falilat, àmọ́ ta ló ń yẹ ojú wa wò fínnífínní níbí? Fóòmù ti Falilat wà lọ́dọ̀ àwọn Imigiréṣọ̀n, wọ́n sì ti dá oṣù kẹwàá fún un pé kó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá fi mọ̀ kó tó di ìgbà náà pé orúkọ olórúkọ ló fi ń ṣiṣẹ́, fóòmù ti kú nìyẹn. Wọ́n á dá a padà sílé, òun àti ọkọ rẹ̀, àti Humaira, ọmọ wọn ọmọ ọdún méjìlá, tí wọ́n bí síbí, tó jẹ́ pé inú fọ́tò nìkan ló ti mọ Ìsẹ́yìn.

Bésímẹ́ǹtì kan, yàrá abẹ́ ilé, ni wọ́n háyà ní Fort Washington. Ibẹ̀ ni Falilat ti ń wakọ̀ lọ sí Accokeek lójoojúmọ́, sínú igbó, níbi tí ilé kan kì í ti í rí ẹnìkejì rẹ̀. Arúgbó tó ń tọ́jú níbẹ̀ ń jẹ́ Anna. Aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìtàn àtijọ́. Ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn, egungun ìbàdí rẹ̀ dá, ni ejẹ́nsì tí Falilat ń bá ṣiṣẹ́ bá ní kó lọ máa wẹ̀ fún un, kó máa se oúnjẹ, kó máa mú un rìn díẹ̀díẹ̀.

Arúgbó náà ò ní wàhálà. Ìwé rẹ̀ ni Falilat ò gbádùn. Bó bá ti jẹun tán, á jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, á máa tẹ̀ ẹ́, táká táká, bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo. Bí Falilat bá gbé ìgbálẹ̀ wọlé, á yára dojú ìwé délẹ̀. Bó bá ṣe tán, á kó gbogbo rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀, á tì í, á sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn. Ẹ gbọ́ ná, kí ni arúgbó tó ń dá gbé inú igbó ní tó ń tì pa?

Ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Falilat ká apá aṣọ sókè, ó ń fọ ẹ̀yìn fún Anna, ni Anna bá rí ààmì bùpá lápá rẹ̀, àpá roboto tí gbogbo wa tí wọ́n bí láyé ọjọ́un ní.

Anna ní, "Èmi náà ní irú rẹ̀, wò ó. Ṣé o mọ ẹnikẹ́ni tí àrùn yẹn mú rí?"

Falilat dáhùn kó tó ronú. Ó ní, "Màmá mi."

Ẹyin ti bọ́ nìyẹn.

"Kí lẹ ń pè é ní èdè yín?"

Falilat wo fèrèsé. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń jó orí ewé. Ó ní, "A kì í pe orúkọ rẹ̀, mà. Pàápàá bí oòrùn bá mú báyìí. Bí èèyàn bá pè é, ó lè rò pé wọ́n ń ránṣẹ́ sí òun, kó yà wá. Ilẹ̀ gbóná là ń wí."

"Ilẹ̀ gbóná," ni Anna tún sọ, jẹ́jẹ́. Bí wọ́n ṣe parí ìwẹ̀, kò tíì wọ bàtà tó fi ní kí Falilat bá òun mú bébà aláwọ̀ yẹ́lò wá, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí Falilat ṣe sọ ìyókù nìyẹn, torí pé ẹnu tó ti là kì í tètè padé. Ó sọ bí àrùn náà ṣe wọ abúlé kan lẹ́yìn Ìsẹ́yìn nígbà tí ìyá rẹ̀ wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ mú. Ó fi ṣàṣá sí i lójú, ó sì fi í sílẹ̀. Nígbà tí àwọn tó lẹ́sẹ̀ sá lọ sóko, òun ló dúró, nítorí pé ẹni tó bá ti mú rí kì í tún mú mọ́. Òun ló ń gbé omi àti ẹ̀kọ tútù síwájú ilẹ̀kùn àwọn tó dùbúlẹ̀. Bí ẹnìkan bá kú, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sunkún. Kí wọ́n má bàa bí ẹni tó ni àrùn nínú, wọ́n á ní àwọn dúpẹ́.

"Kí ìyá pàdánù ọmọ, kó ní òun dúpẹ́?" ni Anna bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ìyá tèmi gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tirẹ̀. Ọmọ méjì ló lọ."

Kálámù Anna dúró fún ìgbà díẹ̀. Ó tún ń lọ.

Inú ọkọ̀ ni ojú Falilat ti là. Kí ló ń kọ ọ́ sí? Ta ni yóò kà á? Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni ìbéèrè. Ṣé wọ́n máa ń ṣọ́ ẹnubodè? Báwo ni wọ́n ṣe ń dá àlejò mọ̀ yàtọ̀ sí ọmọ ìlú? Bí àlejò bá parọ́ orúkọ, báwo ni àṣírí rẹ̀ ṣe ń tú? Falilat á rẹ́rìn-ín, á ní òun ò mọ̀, mà, ara rẹ̀ á sì tutù bí omi kànga. Ní tirẹ̀, tíṣà kọ́ lẹni tó ń béèrè báyìí. Ọlọ́pàá ni.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù keje, fáànù fẹ́ ìwé kan kúrò lórí tábìlì Anna, ó lọ sá sábẹ́ àga. Anna sùn. Falilat gbálẹ̀ dé ibẹ̀, ó sì mú un. Ìwé mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Falilat kà mọ nílé, ètè ló fi ń bá ojú kàwé. Ó rí "ẹ̀gbọ́n" ní gẹ̀ẹ́sì. Ó rí "orúkọ". Ó rí "ẹnubodè". Ó wá rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé bí wọ́n bá mọ orúkọ rẹ̀ gan-an, wọ́n á lé e jáde. Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó tì í bọ àárín ìborí àti ìwérí.

Bó ṣe délé, ó pe Humaira. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá, àmọ́ gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn.

"Ka èyí fún mi. Má fo ìlà kankan."

Humaira kà á, ó sì túmọ̀ ibi tó le. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá kan dé ẹnubodè ìlú kan ní ilẹ̀ òyìnbó, láyé àwọn ọba àti ẹlẹ́ṣin. Àjàkálẹ̀ àrùn ti pa gbogbo ará ilé rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ò gba àlejò, kìkì ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìlú ló ń wọlé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ níbẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n náà ti kú lójú ọ̀nà. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ bi í pé ta ni, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dá. Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Òun ló wá ń gbé omi síwájú ilẹ̀kùn àwọn aláìsàn, ó sì ń bẹ̀rù ọjọ́ tí ẹnìkan á pe orúkọ òun gan-an.

"Ìyókù ńkọ́?" ni Humaira béèrè. "Ṣé ó yè?"

"Ìyókù wo? Lọ ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ." Falilat yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ ò gbọ́? Omi tí ìyá mi gbé nìyẹn. Orúkọ tí mo gbé rù nìyẹn. Obìnrin yìí ti mọ̀."

Sàláhúdéènì ń bó ọsàn. Ó ní, "Ìyá Humaira, bó bá jẹ́ ẹjọ́ rẹ ló fẹ́ kọ sí Imigiréṣọ̀n, ṣé á fi ẹlẹ́ṣin sí i?"

"Àwọn èèyàn yìí gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tún wo èyí: ó ní ẹ̀gbọ́n kú lójú ọ̀nà. Ta ló kú?"

Ọwọ́ Sàláhúdéènì dúró lórí ọsàn. Èyí ò jọ yẹ̀yẹ́ létí tirẹ̀ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Falilat fi káàdì fóònù pe ṣọ́ọ̀bù oògùn ọkọ Qúdrát ní Ìbàdàn, níbi tí ilẹ̀ ti mọ́ tipẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni. Ṣé ara yín le?"

"Falilat? O pè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ẹ ṣáà máa sọ̀rọ̀ kí n gbọ́."

"Kí n sọ kí ni?"

"Ohunkóhun. Ẹnìkan kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ ti kú."

Qúdrát pòṣé. Ó ní, "Èmi tí mo tún búlọ́ọ̀sì ṣe lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún yìí torí pé mo sanra? Bí òkú bá ń sanra, sọ fún onítọ̀hún pé mo ti kú. Ta nìyẹn?"

"Arúgbó tí mò ń tọ́jú ni."

"Kì í ṣe pé ọpọlọ rẹ̀ ti ń lọ? Àbí tìrẹ ni? Falilat, ṣọ́ra o. Orúkọ mi ló wà lọ́wọ́ rẹ. Má fi ṣeré."

Ìyẹn ò tù ú nínú. Nígbà tó dé Accokeek, Anna ti jókòó, ó ń wo ilẹ̀ káàkiri.

"Qúdrát, ìwé kan sọnù lórí tábìlì mi. Ṣé o rí i?"

"Rárá, mà."

"Ojú ewé kan péré ni."

"N ò rí i, mà. Bóyá fèrèsé ló gbé e."

Anna wo fèrèsé. Fèrèsé wà ní títì, nítorí ẹ̀fọn. Ó tún wo báàgì Falilat. Láti ìgbà náà, bí Falilat bá wọ yàrá, ojú Anna á tẹ̀ lé e. Arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ṣíbí. Tíì tí Falilat pò fún un, ó fi ètè kàn án lásán, ó gbé e sílẹ̀. Falilat rí i, ó sì dùn ún dé egungun, torí pé òun gan-an ló mọ ohun tí wíwo ìdí ife túmọ̀ sí.

Lọ́jọ́rú, ó ń ká aṣọ nínú kọ́rídọ̀ nígbà tó gbọ́ Anna lórí tẹlifóònù. "Mo fẹ́ kí ẹ wá fúnra yín. Ohun kan wà nípa òṣìṣẹ́ yìí tí kò yé mi." Ejẹ́nsì ló ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lọ́la.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Sàláhúdéènì ní kó má lọ mọ́, kó sá. Falilat ní, "Bí mo bá sá, ẹ̀rí ti dé." Ó ní kàkà bẹ́ẹ̀, òun á dá ìwé náà padà síbi tí arúgbó á ti rí i, kó dà bíi pé ojú ló tàn án. Ó wá ìwé náà títí, orí tábìlì Humaira ló ti rí i, wọ́n ti tẹ́ ẹ tónítóní. Kò yẹ ẹ́ wò. Ó tún ká a, ó fi pamọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, bí Anna ṣe wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ báyìí, Falilat ki ìwé náà bọ abẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó jẹ́ kí etí rẹ̀ yọ síta. Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni ọ̀gá láti ejẹ́nsì dé. Ìyáàfin Fẹ̀yìntọlá ni wọ́n ń pè é, Yorùbá bíi tiwa, ará ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, tó mọ gbogbo ọgbọ́n tí a máa ń dá níbí. Èyí ló burú jù. Òyìnbó ò ní í bi èèyàn ní agboolé.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, Qúdrát. Ìwé rẹ ní Ìbàdàn ni wọ́n bí ẹ. Agboolé wo?"

"Òkè Àdó ni a gbé, mà."

"Àdúgbò nìyẹn. Mo ní agboolé." Ó wò ó láti òkè délẹ̀. "Ohùn rẹ jọ ti Òkè-Ògùn."

"Ìdílé wa ló wá láti Ìsẹ́yìn, mà." Òótọ́ ni. Òótọ́ náà sì ń gbọ̀n lẹ́nu rẹ̀.

"Hùn-ún. Káàdì rẹ wà níbí?"

Falilat kúnlẹ̀ sídìí báàgì, ó ń wá ohun tó mọ ibi tó wà. Ibẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ tí ìwé ta pẹ́ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Anna ti rí i. Ó ń kà á. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó sún un mọ́ ojú. Kí ló ń ka ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní àkàtúnkà sí? Falilat yọjú wò ó. Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà, pẹ́ńsù. Ọwọ́ ọmọdé.

Gbogbo nǹkan ni Falilat ti kọ́ Humaira. Kò gbọdọ̀ sọ fún tíṣà, kò gbọdọ̀ sọ fún ọ̀rẹ́, kò gbọdọ̀ sọ ní mọ́ṣáláṣí. Kò rántí sọ fún un pé kò gbọdọ̀ kọ ọ́.

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí, ní gẹ̀ẹ́sì: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti kà á fún màmá mi, wọn ò sùn dáadáa. Ṣé ó yè? Èmi Humaira, ọmọ ọdún méjìlá."

Anna gbójú sókè. Ó wo Falilat tó wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú káàdì Qúdrát lọ́wọ́. Ó pẹ́ kó tó mójú kúrò. Falilat rí i gedegbe bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọlé sí i, díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń wọ ilẹ̀ gbígbẹ, ó sì mọ̀ nígbà náà pé arúgbó yìí ò mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀ rárá. Ìfura òun ló fọwọ́ mú òun wá síwájú rẹ̀.

"Ìyáàfin," ni Fẹ̀yìntọlá wí, "ẹ ní ohun kan ò yé yín nípa òṣìṣẹ́ wa."

Anna ká ìwé náà. Ó ní, "Ìwé mi kan ló sọnù, mo rò pé ó mú un. Abẹ́ ẹ̀rọ ló wà. Ọjọ́ orí ni."

"Ẹ ò fẹ́ kí n pààrọ̀ rẹ̀?"

"Qúdrát?" Anna pe orúkọ náà ketekete. "Qúdrát mọ bí wọ́n ṣe ń gbé omi fún aláìsàn. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

Fẹ̀yìntọlá ò gba káàdì náà mọ́. Àmọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó rọra sọ fún Falilat ní Yorùbá pé, "Òkè Àdó tóbi o. Lọ wá agboolé kan síbẹ̀ kí n tó padà wá."

Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ lọ tán, àwọn méjèèjì jókòó, kò sẹ́ni tó wo ẹnìkejì.

Anna ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ta ni Humaira?"

"Ọmọ mi ni, mà."

"Oṣù kejì ni mo ti ro ọmọbìnrin inú ìwé yẹn, kí n tó mọ̀ ọ́. Ìwé fún àwọn ọmọdé ni. N kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i torí pé ọmọkùnrin mi ní mò ń fi àkókò ṣòfò. Ìwọ wá gbé omi wọ inú rẹ̀." Ó wá yíjú sí Falilat. "Orúkọ rẹ gan-an ńkọ́?"

Falilat wo bébà yẹ́lò lórí tábìlì. Kálámù wà lórí rẹ̀, ìdérí rẹ̀ sì ṣí. Ó ní, "Mà, oòrùn ti mú. Àwọn orúkọ kan wà tí a kì í pè lọ́sàn-án."

Anna rẹ́rìn-ín títí ìbàdí fi dùn ún. Ó ní, "Ó dáa. Màá dúró kí oòrùn wọ̀."

Aago márùn-ún ni Falilat ń lọ sílé, oòrùn oṣù keje sì máa ń wà lókè títí aago mẹ́jọ á fi kọjá. Àwọn méjèèjì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, Anna á fi ìwé díẹ̀ sínú àpò lẹ́tà, á kọ orúkọ Humaira sí i. Ní ọjọ́ Ajé, ó ń padà wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà fi pẹ́ńsù kọ sí i. Falilat ṣì ń wo ìdí ife. Ó tún ń ṣí àpò lẹ́tà náà wò nínú ọkọ̀ kó tó gbé e délé.

Oṣù kẹwàá dé, ó sọ tẹnu rẹ̀ níwájú Imigiréṣọ̀n, wọ́n ní kó máa retí lẹ́tà. Lẹ́tà ò tíì dé títí ìgbà òtútù fi wọlé.

Ìrọ̀lẹ́ kan nínú oṣù kejìlá, ó ń wọ kóòtù, aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ni Anna fi ọ̀pá nawọ́ sí fèrèsé. Òde ti ṣú. Igbó ti dúdú kanlẹ̀.

"Oòrùn ti wọ̀," ni Anna wí.

Falilat dúró. Ó wo tábìlì. Bébà yẹ́lò ò sí níbẹ̀. Ó wo ọwọ́ Anna, orí ọ̀pá ni méjèèjì wà. Ó sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì sọ ọ́ sí i létí, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Anna tún un pè, ó fi ohùn òkè síbi tí kò sí, Falilat ò sì tún un ṣe fún un.

Ó jáde, ó wọ ọkọ̀, ó dáná sí i. Ṣùgbọ́n kò tíì lọ. Ó jókòó sínú òkùnkùn, ó ń ṣọ́ fèrèsé yàrá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, bóyá iná á tàn níbẹ̀. Ó dúró tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iná ò tàn. Ìgbà náà ló tó wa ọkọ̀ jáde.